Muda Lawal, ọmọ Abẹ́òkúta tí aago kò lè wọ̀n

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa tí ẹ dúró síwájú pátákó yìí lásìkò ìsinmi, ẹ má ti ara yín. Ọ̀rọ̀ ọ̀tẹ̀ yìí gùn díẹ̀, gbogbo yín ló máa kàn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá lọ́hùn-ún ni wọ́n yan àwọn tó máa gbá bọ́ọ̀lù fún ilé-ìwé wa. Gbogbo wa la wà níbẹ̀. Wọ́n fi ẹfun fa ìlà sílẹ̀, wọ́n wọn ogójì mítà, wọ́n ní kí kálukú sáré tiẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan di fóònù mú, òun náà ló ń pariwo pé kí wọ́n gbéra, òun náà ló ń tẹ aago. Ẹni tó bá sá a ní ìṣẹ́jú àáyá 5.8 tàbí tí kò tó bẹ́ẹ̀, ó wọlé. Ẹni tí tiẹ̀ bá lé, ó di abẹ́ igi. Ọmọ kíláàsì wa kan sá a ní 5.9, ó bá lọ jókòó sábẹ́ igi. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ torí ó ti bẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá ti bá a gbá bọ́ọ̀lù rí mọ̀ pé kì í sáré kiri, àmọ́ ibi tí bọ́ọ̀lù bá máa já sí, níbẹ̀ lẹ máa bá a.

Ọ̀rọ̀ tiẹ̀ ló rán mi létí Muda Lawal.

Orúkọ yẹn kò ṣàjèjì sí etí yín. Pápá ìṣeré tó wà ní Aṣerò, orúkọ rẹ̀ ló ń jẹ́. Ẹ wọ Máíkírà láti Ṣàpọ́n níbí, kò ní pẹ́ tí ẹ máa dé ibẹ̀. Mo wá bi àwọn mẹ́fà nínú kíláàsì wa pé ta ni Muda Lawal. Ẹni méjì ní gómìnà kan ni láyé àtijọ́. Ẹnì kan ní olówó tó fi owó rẹ̀ kọ́ pápá náà ni. Ẹni méjì rẹ́rìn-ín lásán. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ pé agbábọ́ọ̀lù ni, bàbá rẹ̀ ló sì sọ fún un. Ìtìjú ńlá ni fún àwa ọmọ Ẹ̀gbá, torí ọmọ ilé wa ni ọkùnrin yìí, nínú ìlú Abẹ́òkúta yìí ni wọ́n ti bí i.

Ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà ọdún 1954 ni wọ́n bí Mudaṣiru Lawal. Kì í ṣe ilé olówó ló ti bọ́ sínú bọ́ọ̀lù, kò sì sí ẹni tó mú un lọ sí akadẹ́mì kankan, torí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò sí nígbà yẹn. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ló ń ṣe. Abẹ́ ọkọ̀ ni bọ́ọ̀lù ti wá fà á jáde. Èmi kì í fojú kékeré wo ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ yìí. Ẹ lọ bá àwọn mẹkáníìkì tó wà ládùúgbò yín, ẹ wò ó bí ọ̀gá wọn ṣe máa ń dúró tì ọkọ̀, táá tẹ́tí sí ẹ́ńjìnì, tí kò ní tíì fọwọ́ kan nǹkan kan táá ti mọ ibi tó ń dùn ún. Mo rò pé irú etí àti ojú bẹ́ẹ̀ ni Muda gbé wọ orí pápá.

Láàárín àwọn ọdún 1970 ló dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Shooting Stars ti Ìbàdàn, tí wọ́n ń pè ní IICC nígbà náà. Orúkọ ilé-iṣẹ́ ìjọba Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-oòrùn àtijọ́ ni IICC yẹn, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa yá àwọn oníléeṣẹ́ lówó, àwọn ló sì ni ẹgbẹ́ náà. Àwọn tó bá níbẹ̀ kì í ṣe ọmọdé. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí wà níbẹ̀, ọmọ ìpínlẹ̀ Ògùn wa náà, tí àwọn èèyàn ń pè ní Mathematical. Best Ogedegbe ń ṣọ́lé. Samuel Ojebọde wà lẹ́yìn. Àárín pápá ni wọ́n fi Muda sí, ibẹ̀ ló sì wà títí tó fi di gbajúmọ̀.

Kí n ṣàlàyé iṣẹ́ ẹni tó wà láàárín fún àwọn ọmọbìnrin kíláàsì wa tó máa ń sọ pé ṣe làwọn èèyàn kan ń sá kiri lásán. (Kì í ṣe gbogbo wọn o. Àwọn kan mọ bọ́ọ̀lù jù mí lọ.) Ọdẹ́gbàmí wà lápá ọ̀tún, ó ga, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ó sì yá. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó sá kọjá àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn, kó bọ́ síbi tí kò sẹ́ni. Ẹ̀rù ẹni bẹ́ẹ̀ máa ń ba àwọn olùṣọ́ ẹ̀yìn tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò ní lè sún síwájú, torí wọ́n mọ̀ pé táwọn bá sún báyìí, ó ti lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bó ti wù kí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá tó, tí bọ́ọ̀lù kò bá bá a lọ, eré lásán ló ń sá. Muda ló ń rán bọ́ọ̀lù náà. Ó máa ń gbà á, á gbójú sókè, bọ́ọ̀lù á sì ti wà lẹ́yìn àwọn olùṣọ́ ẹ̀yìn kí wọ́n tó yí padà. Kò ní dúró wòran o. Lẹ́yìn tó bá ti rán bọ́ọ̀lù lọ tán, òun náà á gbá tẹ̀lé e, á sì yọ lójijì níwájú ilé ọ̀tá níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti retí rẹ̀. Lẹ́yìn náà á tún sáré padà lọ ran àwọn ará ẹ̀yìn lọ́wọ́. Báyìí ló ṣe ń lọ tó ń bọ̀ fún àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú.

Ní ọdún 1976, IICC gba ife ẹ̀yẹ àwọn tó gba ife ní orílẹ̀-èdè wọn ní Áfíríkà. Kò tíì sí ẹgbẹ́ Nàìjíríà kankan tó gba ife Áfíríkà rí kó tó di ọjọ́ yẹn. Tonnerre ti Yaoundé, ní Kamẹrúùnù, ni wọ́n bá pàdé ní àṣekágbá. Àwọn Tonnerre yìí ló gba ife náà lọ́dún tó ṣáájú, àwọn ló sì ni Roger Milla nígbà yẹn, ẹni tí gbogbo ayé wá mọ̀ nínú ife àgbáyé lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlá. IICC nà wọ́n ní 4 sí 1 nílé. Nígbà tí wọ́n lọ sí Yaoundé, wọ́n pàdánù ní 1 sí 0, ṣùgbọ́n ife ti di ti Ìbàdàn. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, Rangers ti Ẹnúgù ló fi pẹnáritì lé wọn kúrò ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá, Rangers náà ló sì lọ gba ife ọ̀hún. Àwọn bàbá wa kan ṣì máa ń jà sí èyí títí dòní.

Ní báyìí, mo fẹ́ padà sí ọ̀rọ̀ aago, torí òun gan-an ló ń dùn mí.

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní bọ́ọ̀lù kan tí wọ́n máa ń fọwọ́ jù, tó rí gbọọrọ bí ẹyin. Nínú eré yẹn náà, ẹnì kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jọ ti Ọdẹ́gbàmí: á sá kọjá gbogbo àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn, wọ́n á wá ju bọ́ọ̀lù náà láti ọ̀nà jíjìn kó mú un lórí eré. Kí wọ́n tó gba ẹni bẹ́ẹ̀ síṣẹ́, wọ́n máa ń ní kó sáré ogójì yáàdì, ìyẹn bíi mítà mẹ́tàdínlógójì. Ìdá kan nínú ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá lè sọ èèyàn di olówó tàbí kó sọ ọ́ di ẹni ìgbàgbé. Ẹ wo bó ti jọ tiwa!

Àmọ́ àwọn tó ń ṣe é níbẹ̀ mọ ohun kan tí àwa kò kà sí. Aago ọwọ́ máa ń purọ́. Tí èèyàn bá fi ìka tẹ aago, ojú rẹ̀ ló kọ́kọ́ máa rí ẹni tó gbéra, ọpọlọ á wá rán ìka níṣẹ́, àkókò ti lọ kí ìka tó tẹ̀ ẹ́. Tó bá wá di ìparí, ó ti ń wo sárésáré náà bọ̀, ìka rẹ̀ ti múra sílẹ̀. Ìdí nìyí tí àkókò aago ọwọ́ fi máa ń kéré ju ti ẹ̀rọ lọ. Nínú eré sísá, tí wọ́n bá fẹ́ fi méjèèjì wéra, ìdá 0.24 ìṣẹ́jú àáyá ni wọ́n máa ń fi kún ti aago ọwọ́. Ìka kò sì lè ṣe bákan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó lè pẹ́ fún ẹnì kan, kó má pẹ́ fún ẹlòmíì. Ọ̀rẹ́ wa abẹ́ igi, ìdá 0.1 péré ló fi pàdánù. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò rẹ̀: ẹni tó sá ogójì mítà ní ìṣẹ́jú àáyá 5.8, bíi mítà méje ló ń lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìdá 0.1 yẹn kò ju àádọ́rin sẹ̀ǹtímítà lọ. Kò tó ìṣísẹ̀ kan! Ìka ẹni tó di fóònù mú lè jẹ ẹ́ tán.

Kí ẹ má bàa sọ pé mo ń gbèjà ọ̀lẹ, mo gbà pé eré ṣe pàtàkì. Bob Hayes ti Amẹ́ríkà gba góòlù ọgọ́rùn-ún mítà ní Òlíḿpíìkì Tokyo lọ́dún 1964, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá géérégé ló fi sá a. Gaoussou Koné, ọmọ Ivory Coast tí kò jìnnà sí wa, wà nínú àwọn mẹ́jọ tó sá àṣekágbá yẹn. Lẹ́yìn náà ni Hayes lọ sí ẹgbẹ́ Dallas Cowboys, eré rẹ̀ sì da àwọn olùṣọ́ ẹ̀yìn láàmú débi pé wọ́n ní láti yí bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ni padà, wọ́n fi ṣíṣọ́ ẹnì kan sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín pápá ṣọ́. Ṣùgbọ́n nínú eré yìí kan náà, ẹni tó fi bọ́ọ̀lù tó mú gba ilẹ̀ jù lọ láti ìgbà tí wọ́n ti ń ka á ni Jerry Rice, 22,895 yáàdì. Òun kò sí lára àwọn tí aago ń yìn. Ohun tó ní ni pé ó mọ ìgbà tó yẹ kó yà, ó sì mọ ibi tó yẹ kó yà sí.

Muda nìyẹn. Lọ́jọ́ tiẹ̀, kò sí ẹ̀rọ tí wọ́n ń dè mọ́ agbábọ́ọ̀lù lẹ́yìn bíi ti ìsinsìnyí, tó máa sọ iye kìlómítà tó sá àti bó ṣe yá tó. Kò sẹ́ni tó ní nọ́ńbà eré Muda lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan sí i. Tí ẹni tó ń sáré mítà méje ní ìṣẹ́jú àáyá kan bá tètè gbéra ní ìdajì ìṣẹ́jú àáyá torí pé ó ti mọ ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ, mítà mẹ́ta àtààbọ̀ ló fi ṣáájú. Ẹni tó bá fẹ́ fi eré ẹsẹ̀ nìkan bá a nínú mítà díẹ̀ tó kù, iṣẹ́ ńlá ló ní.

Ẹ wá wo ohun tó ṣe fún Nàìjíríà. Ìdíje ife Áfíríkà márùn-ún tẹ̀léra ló gbá: 1976 ní Etiópíà, 1978 ní Gánà, 1980 nílé wa níbí, 1982 ní Líbíà, 1984 ní Ivory Coast. Ẹni tó bá ń lo ọdún mẹ́jọ nínú ikọ̀ orílẹ̀-èdè, láàárín àwọn ọ̀dọ́ tó ń sáré bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ lójoojúmọ́, kì í ṣe eegun lásán. Ẹ̀ẹ̀mejì àkọ́kọ́, ipò kẹta ni wọ́n ṣe. Nígbà tó di 1980, Otto Glória, ọmọ Bràsíl, ni akọ́nimọ̀ọ́gbá, Christian Chukwu ni balógun ikọ̀.

Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1980 ni wọ́n gbá pẹ̀lú Tàǹsáníà. Muda ló jẹ góòlù àkọ́kọ́. Wọ́n nà wọ́n ní 3 sí 1. Wọ́n gbá ọ̀mì pẹ̀lú Ivory Coast, wọ́n fi góòlù kan ṣoṣo na Íjíbítì, wọ́n fi góòlù kan ṣoṣo na Mòrókò. Ó wá di ọjọ́ 22 oṣù Kẹta. Pápá ìṣeré orílẹ̀-èdè ní Surulere kún dẹ́nu, Ààrẹ Shehu Shagari jókòó. Àlùjíríà ni wọ́n fẹ́ kojú, kì í ṣe ẹgbẹ́ kékeré, torí orílẹ̀-èdè yìí kan náà ló lọ na Ìwọ̀-oòrùn Jámánì nínú ife àgbáyé lẹ́yìn ọdún méjì. Eré kò tíì lò ju ìṣẹ́jú méjì lọ tí Ọdẹ́gbàmí fi jẹ ọ̀kan. Ó tún jẹ ìkejì kí wọ́n tó lọ sinmi. Ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn tí wọ́n padà dé, Muda jẹ ìkẹta. Bó ṣe di 3 sí òfo nìyẹn, tí Nàìjíríà sì gba ife Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ wò ó dáadáa: góòlù tí Nàìjíríà kọ́kọ́ jẹ nínú ìdíje yẹn, ti Muda ni. Èyí tí wọ́n fi parí rẹ̀, ti Muda náà ni. Ẹni tí ibùdó rẹ̀ wà láàárín pápá o, kì í ṣe atamátàsé!

Ọmọ Ẹ̀gbá kan tó ti ń tún ọkọ̀ ṣe rí.

Gbogbo rẹ̀ kọ́ ló dùn. Nínú ife àgbáyé, kò rọgbọ fún ìran wọn rárá. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1977, Surulere kan náà ni Tùníṣíà ti nà wá ní 1 sí 0, ọmọ wa ló sì ṣèèṣì gbá bọ́ọ̀lù náà sílé ara wa. Ní 1981, Àlùjíríà wá gbẹ̀san, wọ́n nà wá ní Èkó, wọ́n tún nà wá nílé wọn, àwọn ló lọ sí ife àgbáyé. Ti Òlíḿpíìkì Montreal ní 1976 tún ṣe mí láàánú. Ikọ̀ bọ́ọ̀lù wa ti pegedé, àmọ́ Nàìjíríà àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà kó àwọn ọmọ wọn kúrò níbẹ̀ torí pé àwọn ará New Zealand lọ bá South Africa ṣeré nígbà tí wọ́n ń fi àwọ̀ yan àwọn dúdú jẹ níbẹ̀. Mo gbà pé ohun tó tọ́ ni ìjọba ṣe. Síbẹ̀, mo máa ń ro ti ẹni tó ti fi gbogbo ara sáré sí nǹkan, tí wọ́n wá ní kó yí padà.

Ní 1984, ó ti di ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, àgbà ni láàárín àwọn ọmọ tó kù. Wọ́n dé àṣekágbá ní Abidjan, Kamẹrúùnù ló dúró dè wọ́n. Ìṣẹ́jú kẹwàá ni Muda ti gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Inú gbogbo Nàìjíríà á ti máa dùn nígbà yẹn. Àmọ́ Kamẹrúùnù dá a padà, wọ́n sì tún jẹ méjì sí i nígbà tó kù díẹ̀ kí eré parí. 3 sí 1. Ìyẹn ni pé ó jẹ góòlù nínú àṣekágbá ife Áfíríkà méjì, ọdún mẹ́rin síra wọn. Lápapọ̀, ó lé ní ọgọ́rin ìgbà tó wọ aṣọ Nàìjíríà.

Ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 1991 ni Muda Lawal kú. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlógójì ni. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dé ife àgbáyé fún ìgbà àkọ́kọ́, ní Amẹ́ríkà. Kò rí i.

Bàbá àgbà kan tó ń ta ìwé ìròyìn ní Ṣàpọ́n níbí ni mo bi pé báwo ni Muda ṣe yá tó. Ó ronú títí, ó wá ní òun ò lè sọ, pé òun ò rí i kó máa bá ẹnikẹ́ni sá eré ìje. Ó ní ohun tóun rántí ni pé bí bọ́ọ̀lù bá ti já sílẹ̀, Muda á ti wà níbẹ̀. Ẹnu yà mí, torí ohun tí gbogbo wa máa ń sọ nípa ọ̀rẹ́ wa abẹ́ igi gan-an nìyẹn.

Mi ò sọ pé ọ̀rẹ́ wa ni Muda o. Kó má lọ máa gbéra ga. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju pé kí ẹ̀yin olùkọ́ wa tó ń bójú tó eré ìdárayá fún àwọn mẹ́rin tó pàdánù pẹ̀lú ìdá 0.1 tàbí 0.2 ní àǹfààní kan sí i, kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù fún ìdajì wákàtí, kí ẹ wo ibi tí ẹsẹ̀ wọn ń gbé wọn lọ nígbà tí bọ́ọ̀lù kò sí lọ́dọ̀ wọn. Tí ẹ bá sì tún fẹ́ lo aago, ẹ jẹ́ kí ẹni mẹ́ta di í mú, kí ẹ mú èyí tó wà láàárín.

Wọ́n ti ní a lè lo pápá lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ lẹ́yìn ìdánwò Ìṣirò. Ẹni tó bá fẹ́ wòran kó tètè dé. Èmi ni màá gbé bọ́ọ̀lù wá.